Ẹyin Tó Léjìká

Ọ̀mọ̀wé Phaithun kò pariwo mọ́ Kamlai lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Ká ní ó pariwo ni, bóyá obìnrin náà ì bá ti gbàgbé. Ẹ̀rín ló rín sí i, irú ẹ̀rín jẹ́jẹ́ tí èèyàn máa ń rín sí ọmọdé tó wọ bàtà òdì.

Ilé ìwòsàn kékeré tí Kamlai ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ni ọkùnrin náà wá. Òun ni olórí ètò ìgbógunti aràn ẹ̀dọ̀ ní agbègbè náà, ó sì mú ìwé kan dání tó sọ pé abúlé Ban Kut Hoi ti bọ́ lọ́wọ́ aràn. Wọ́n ti fún gbogbo ará abúlé ní oògùn, wọ́n ti yẹ ìgbẹ́ wọn wò, èèyàn mẹ́rin péré ni wọ́n sọ pé ó ṣẹ́kù. Ọmọ Ban Kut Hoi ni Kamlai. Ó gbé maikirosikóòpù rẹ̀ síwájú ọ̀gá náà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wo gíláàsì yìí. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo gba ìgbẹ́ ẹ̀ ní Ban Kut Hoi. Aràn ẹ̀dọ̀ nìyí."

Phaithun bẹ̀rẹ̀ wò ó, kò pẹ́ ju kí èèyàn sín lẹ́ẹ̀mejì lọ. "Aràn ìfun kékeré nìyẹn, Màmá. Ẹyin wọn jọra. Aràn ìfun kì í pa èèyàn."

"Ẹyin yìí léjìká, sà. Ẹ wo ibi tí ìdérí ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ó yọ jáde. Ara ẹ̀ náà rí ṣákiṣàki. Ti aràn ìfun máa ń dán ni."

Ìgbà náà ló rín ẹ̀rín yẹn. "Màmá, iṣẹ́ tiyín ni kí ẹ ka iye ẹyin. Irú aràn tó jẹ́, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwa tí a kàwé ẹ̀."

Ó gbé ìwé rẹ̀, ó wọ ọkọ̀, ó lọ. Kamlai fọ gíláàsì mẹ́rìnlá tó wà lórí tábìlì, ó nù wọ́n gbẹ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì lọ sílé. Ọdún kẹtàdínlọ́gbọ̀n rẹ̀ nìyẹn lẹ́nu iṣẹ́ kíka ẹyin aràn. Aràn yìí kan náà ló pa bàbá rẹ̀, òun ló sì pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Àwọn méjèèjì pọ́n bí ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe kí wọ́n tó kú, inú wọn wú, ara wọn gbẹ, nítorí aràn tó ti gbé inú ẹ̀dọ̀ wọn fún ọgbọ̀n ọdún ti di jẹjẹrẹ sí wọn lára. Ẹyin tí ọ̀gá náà wò fìrí yẹn, Kamlai mọ̀ ọ́n bí ìyá ṣe ń mọ ohùn ọmọ rẹ̀ láàárín èrò.

Nígbà tí òjò ọdún kejì bẹ̀rẹ̀, ó lọ forúkọ sílẹ̀ ní yunifásítì láti ka ìwé másítà nínú ìmọ̀ kòkòrò afòmọ́. Ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí i nílé ló fi gba dìgírì rẹ̀ àkọ́kọ́, ọdún mẹ́sàn-án gbáko ló sì gbà á. Ẹni àádọ́ta ọdún ni lọ́jọ́ tó wọ kíláàsì. Ọmọbìnrin kan tó jókòó nítòsí ẹnu ọ̀nà gbé garawa ìdọ̀tí fún un: "Màmá, ẹ bá wa da èyí nù." Kamlai gbà á, ó dà á nù, ó fọwọ́, ó padà wọlé, ó sì lọ jókòó sórí àga iwájú pátápátá. Ojú ọmọ náà kò kúrò nílẹ̀ títí kíláàsì fi parí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Wipada ni olùkọ́ tí wọ́n yàn pé kó máa bójú tó ìwádìí rẹ̀. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, Kamlai fi ọdún mẹ́rin jù ú lọ. Bí wọ́n bá wà láàárín èèyàn, Kamlai á pè é ní Ọ̀jọ̀gbọ́n. Bí ó bá ku àwọn méjèèjì, Wipada á pe Kamlai ní Ẹ̀gbọ́n. Nígbà tí Wipada bi í pé kí ló fẹ́ ṣe ìwádìí lé lórí, kò ronú lẹ́ẹ̀mejì.

"Ban Kut Hoi ni mò ń lọ. Mo fẹ́ ka ìgbẹ́ gbogbo abúlé náà látìbẹ̀rẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti ní ibẹ̀ ti mọ́."

"Bó bá mọ́ lóòótọ́, màá kọ ọ́ síwèé pé ó mọ́."

Ọdún méjì ló fi ṣe é. Ẹni àkọ́kọ́ tó lọ bá ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Bunthan, àgbẹ̀ ìrẹsì tí ohùn rẹ̀ ń dún ju ẹ̀rọ ìpakà lọ. Ó bá a lábẹ́ ilé, níbi tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ti ká abọ́ kói kan mọ́, ẹja tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lódò, tí iná kò kàn, tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí, tí wọ́n da ata gbígbẹ lé. Irú ẹja bẹ́ẹ̀ ni aràn ẹ̀dọ̀ máa ń gbà wọ ara èèyàn.

"Ẹ yà fún un o!" Bunthan pariwo. "Ọ̀gá àwọn onígbẹ̀ẹ́ ti dé!"

Kamlai kúnlẹ̀ sórí ẹní, ó na ike kékeré kan sí i. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi ṣe é sínú èyí."

"Ìgbẹ́ ni wọ́n fi ń gboyè ní yunifásítì báyìí?"

"Tiyín ni mo fẹ́ fi gbà á. Ẹ má fi ṣahun."

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ẹja fi há ọ̀kan lọ́fun. Bunthan bu kói sẹ́nu, ó jẹ ẹ́ lójú àbúrò rẹ̀, ó sì nu ètè. "Kò sí aràn kankan lára mi. Ọsàn tí a fún sí i ti pa ìdajì, ọtí á pa ìyókù."

"Bàbá wa náà máa ń fún ọsàn sí i."

Bunthan wo abọ́ náà, ó wo àbúrò rẹ̀, ó gba ike lọ́wọ́ rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ di í bí ẹni di oúnjẹ dídùn, ó sì gbé e wá fún un níwájú gbogbo ará àdúgbò. Láti ọjọ́ náà ni àwọn tó kù ti ń mú tiwọn wá. Ó pọ̀ nínú wọn tó jẹ́ pé ẹ̀rín ni wọ́n wá rín, ṣùgbọ́n wọ́n mú un wá.

Èèyàn ọ̀ọ́dúnrún ó lé ogójì ló gbé ìgbẹ́ fún Kamlai. Ó ka ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta, ní ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kò sì kúrò lórí gíláàsì kan kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé. Níbi tí ètò Phaithun ti rí ẹni mẹ́rin, ó rí ẹni mọ́kànlélọ́gọ́ta tí aràn ẹ̀dọ̀ wà lára wọn. Ti Bunthan wà lára àwọn tó pọ̀ jù. Wọ́n fún gbogbo wọn ní oògùn. Bunthan bì fún odidi ọjọ́ kan, ó ní oògùn náà burú ju aràn lọ, ó sì ní àbúrò òun ló fẹ́ pa òun kó lè jogún ẹfọ̀n.

Lábù yunifásítì ní ohun èlò tí wọ́n fi lè ṣe àyẹ̀wò jíìnì fún ọgbọ̀n èèyàn péré, àwọn tó ní aràn ẹ̀dọ̀ àti àwọn tó ní aràn ìfun, àyẹ̀wò tó máa ń sọ irú aràn tó jẹ́ láìsí iyèméjì. Èsì náà bá ohun tí ojú Kamlai ti sọ mu lórí mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ìwádìí rẹ̀. Ó tún kọ ọ̀rọ̀ tó máa sọ lórí rẹ̀ ní gbangba; ní ojú ewé kẹsàn-án ọ̀rọ̀ náà, ó to iye tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye ti ètò náà, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé abúlé mọ́kànlá mìíràn ni wọ́n ti fi irú kíkà kan náà sọ pé ó mọ́.

Wipada fi ìwádìí náà sílẹ̀ fún àmì ẹ̀yẹ tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kòkòrò afòmọ́ máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ìwé gíga lọ́dọọdún. Nínú ọ̀pọ̀ èèyàn, wọ́n mú mẹ́fà tí á wá sọ̀rọ̀ níwájú ẹgbẹ́ náà. Kamlai wà lára wọn. Nígbà tí orúkọ àwọn adájọ́ jáde, Wipada pè é sínú ọ́fíìsì, ó sì ti ilẹ̀kùn.

"Ẹ̀gbọ́n, Ọ̀mọ̀wé Phaithun wà lára wọn."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

"Kò dáa rárá. Iṣẹ́ ẹ̀ lẹ ń tú wò. Mo lè kọ̀wé sí wọn pé kó yẹra."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kó jókòó. Òun gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀."

Wipada fọwọ́ pa ojú rẹ̀ méjèèjì. "Ó dáa, ẹ bá mi yọ ojú ewé kẹsàn-án nìkan. Iye náà wà nínú ìwé ìwádìí yín, ẹni tó bá fẹ́ kà á á kà á. Ẹ má kà á sí i létí níwájú irinwó èèyàn. Mo fẹ́ kí ẹ gba àmì ẹ̀yẹ yìí, Ẹ̀gbọ́n. Ó tọ́ sí yín."

Kamlai mọ̀ pé ìfẹ́ ni obìnrin náà fi ń sọ̀rọ̀. "Bí mo bá yọ ọ́," ló sọ, "kí ni mo wá fi ẹsẹ̀ mi méjèèjì rìn wá sí yunifásítì ṣe? Màá kà á. Bí ẹ bá ní kí n má fi orúkọ yín sí i, màá yọ orúkọ yín."

"Ta ló ní kí ẹ yọ orúkọ mi?" Wipada bínú díẹ̀, ìbínú náà sì mú kí ojú rẹ̀ dà bí ti ọmọdébìnrin. "Ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ ìpàdé náà, Bunthan ní òun á bá àbúrò òun lọ sí ìlú ńlá. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó fi gbéyàwó, bọ́tìnnì kò sì dé ibi ikùn. Nínú bọ́ọ̀sì, ó rí apẹ̀rẹ̀ ìrẹsì onídèérí tí Kamlai gbé lé itan, ó sì na ọwọ́ sí ìdérí rẹ̀.

"Ebi ń pa mí. Bù fún mi díẹ̀."

"Ẹ má ṣí i, ẹ̀gbọ́n mi. Ìgbẹ́ yín wà níbẹ̀."

Bunthan fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn kíá, obìnrin tó jókòó lẹ́yìn wọn sì dìde lọ wá àga mìíràn. Ọgbọ̀n ìgò tín-ín-rín ló wà nínú apẹ̀rẹ̀ náà, àwọn tí lábù ti ṣe àyẹ̀wò jíìnì wọn, tí wọ́n fi oògùn pa mọ́ kí wọ́n má bàjẹ́. Kamlai kò sọ fún Wipada pé òun ń gbé wọn bọ̀.

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan. Àwọn márùn-ún tó ṣáájú rẹ̀ sọ̀rọ̀ dáadáa. Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Nattakit sọ̀rọ̀ lórí ìgbín tí aràn náà ń gbé nínú rẹ̀ kó tó wọ ara ẹja, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì yéni tó bẹ́ẹ̀ tí Kamlai alára fi ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó kan Kamlai, ó gun orí pèpéle. Lẹ́yìn náà ó gbé àwòrán ẹyin àkọ́kọ́ sójú ògiri, ó tóbi bí ilẹ̀kùn, èjìká rẹ̀ sì hàn ketekete. Ó sọ ọ́ bó ṣe ń sọ ọ́ fún àwọn ará abúlé, láìyọ ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tó dé ojú ewé kẹsàn-án, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Phaithun fa gbohùngbohùn mọ́ra. Kò bínú, ohùn rẹ̀ balẹ̀. "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá. Ìfẹ́ tí wọ́n ní sí iṣẹ́ náà hàn. Ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ̀ pé ojú lásán kò lè fi gbogbo ìgbà ya ẹyin méjèèjì yìí sọ́tọ̀. Ọgbọ̀n ni wọ́n ṣe àyẹ̀wò jíìnì fún. Àwọn tó kù ńkọ́? Ojú ta ni ká gbà gbọ́, ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde mẹ́sàn-án tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ni, àbí ti ẹnì kan ṣoṣo?"

"Ẹ má gba ojú ẹnikẹ́ni gbọ́, sà," Kamlai dáhùn. "Ẹ dán an wò."

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wá sí iwájú tábìlì àwọn adájọ́, ó sì ṣí i. "Ọgbọ̀n náà nìyí. Ọwọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wipada ni èsì jíìnì wọn wà. Kí ẹnì kan mú mẹ́wàá, kó bo nọ́ńbà wọn, kó kán wọn sórí gíláàsì. Èmi á kà, ẹ̀yin náà á kà. Ká wá ṣí èsì jíìnì."

"Èyí kò sí nínú òfin ìdíje," ni akọ̀wé ẹgbẹ́ sọ.

Láti ẹ̀yìn gbọ̀ngán ni Bunthan ti dìde, bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kan já. "Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ má bínú o! Tèmi wà nínú ìgò yẹn. Èmi ni mo ṣe é, mo sì fọwọ́ sí i kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò!"

Ẹ̀rín sọ ní gbogbo ibẹ̀. Alága àwọn adájọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Malini, ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó kéré bí ọmọ ẹyẹ, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó wà níbẹ̀ ló sì kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń wo maikirosikóòpù. Ó gbára lé ọ̀pá rẹ̀, ó dìde.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá sí ìpàdé yìí. Àwòrán ni gbogbo yín ń gbé wá. Ẹnì kan gbé nǹkan gidi wá lónìí, ẹ ní kò sí nínú òfin." Ó yíjú sí Phaithun. "Phaithun, ṣé ẹ̀rù ń bà ọ́ ni?"

"Rárá, Ọ̀jọ̀gbọ́n mi."

"Ó dáa. Ká lọ síta."

Níta gbọ̀ngán, àwọn tó ń ta maikirosikóòpù ti pàtẹ ọjà wọn. Malini ní kí wọ́n tan méjì. Ó wọ ẹ̀yìn aṣọ ìkélé tí wọ́n fi ṣe ìpàtẹ, òun fúnra rẹ̀ ló yan ìgò mẹ́wàá, ó lẹ bébà mọ́ nọ́ńbà wọn, ó kọ tuntun sí i, ó sì kán wọn sórí gíláàsì. Àwọn èèyàn kò lọ jẹun ọ̀sán mọ́. Wọ́n yí tábìlì náà ká, àwọn tó wà lẹ́yìn gun àga.

Phaithun tètè parí. Kamlai ń lọ ní tirẹ̀ bó ṣe máa ń lọ, láti igun kan gíláàsì dé igun kejì, ó ń kọ ọ́ sórí bébà. Ẹnì kan kùn pé Màmá ń fi àkókò ṣòfò. Kò gbójú sókè. Nígbà tó dé ìkeje, ó pẹ́ gan-an níbẹ̀, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ó kọ nǹkan kan, ó sì kọjá.

Malini gba bébà méjèèjì. Ó ní kí Wipada ṣí èsì jíìnì, Wipada sì kà á. Méje nínú mẹ́wàá jẹ́ ti aràn ẹ̀dọ̀, mẹ́ta jẹ́ ti aràn ìfun. Phaithun ti kọ "aràn ìfun" sí mẹ́jọ. Márùn-ún péré ló gbà nínú mẹ́wàá.

"Kamlai gba mẹ́sàn-án," ni Malini wí. "Sí ìkeje, ohun tó kọ ni 'Mi ò mọ̀.' Kí ló dé tí o ò mọ̀?"

"Ẹyin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n, ó sì dojú bolẹ̀. Mi ò rí èjìká ẹ̀. Ohun tí mi ò bá rí, mi ò lè sọ pé mo rí i."

"Ó yẹ kí gbogbo yín kọ ìyẹn sára ògiri lábù yín," ni arúgbó náà sọ fún àwọn tó yí i ká.

Bunthan ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá sún mọ́ ọn pé èwo ni tòun nínú mẹ́wàá náà. Nígbà tí èrò bẹ̀rẹ̀ sí í túká lọ síbi oúnjẹ, Kamlai rí i pé Phaithun ti padà sídìí maikirosikóòpù. Gíláàsì kẹrin, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣì, ló fi sí i. Ó pẹ́ níbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Nígbà tó gbórí sókè, ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Èjìká," ló sọ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ìṣẹ́jú méjì méjì ni àwọn èèyàn mi ń lò lórí ọ̀kan. Èmi ni mo fi bẹ́ẹ̀ lélẹ̀ fún wọn." Ó kúrò nídìí tábìlì náà.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n pe gbogbo èèyàn padà fún ìkéde. Nattakit ló gba àmì ẹ̀yẹ. Kamlai pàtẹ́wọ́ fún un tọkàntọkàn, nítorí iṣẹ́ ọmọ náà dára. Akọ̀wé ka máàkì rẹ̀, ọgọ́rin ó lé mẹ́jọ, ó ka ti àwọn tó gba ipò kẹta títí dé ìkẹfà, ó sì fi kún un pé lọ́dún yìí kò sí ipò kejì. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín.

"Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ní àmì ìdúpẹ́ pàtàkì kan fún Màmá wa, Kamlai, fún ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti fi ìrẹ̀lẹ̀ sin àwọn ará ìgbèríko!"

Àtẹ́wọ́ dún. Ọmọbìnrin kan gbé ẹ̀gbà ọrùn tí wọ́n fi òdòdó funfun ṣe jáde lórí àwo fàdákà. Kamlai gun pèpéle. Ó pa ọwọ́ pọ̀, ó tẹríba fún Malini, ó tẹríba fún ìgbìmọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ náà na òdòdó sí ọrùn rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan dá a dúró pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó gba gbohùngbohùn.

"Ẹ ṣeun. Òdòdó yìí dára. Ọjọ́ tí mo bá fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ẹ gbé e wá sílé mi, màá gbà á, màá sì se oúnjẹ fún gbogbo yín. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí lónìí. Mi ò wá gba ọpẹ́. Àwa mẹ́fà la jọ du nǹkan yìí, àwọn márùn-ún ti gbọ́ máàkì wọn. Tèmi ńkọ́? Bó bá burú, ẹ kà á bó ṣe burú."

Akọ̀wé ń yí ìwé ọwọ́ rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Màmá, ìgbìmọ̀ rò pé èyí lọ́lá jù..."

"Kò lọ́lá jù, sà. Ìwé ẹgbẹ́ yín máa ń tẹ iṣẹ́ ẹni tó ṣe ipò kìíní àti ipò kejì jáde fún gbogbo ayé kà. Ẹ kì í tẹ òdòdó."

Wipada, tó jókòó ní ìlà kẹta, gbé ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Phaithun ló dìde láàárín àwọn adájọ́. Gbogbo ojú yí sí i.

"Èmi ni mo dábàá òdòdó náà," ló sọ. "Kí a tó lọ sídìí maikirosikóòpù ni. Mo ní tí a bá fún Màmá ní nǹkan tó dùn mọ́ wọn, ọ̀rọ̀ ojú ewé kẹsàn-án á tán síbẹ̀. Mo fà á sẹ́yìn. Ẹ ka máàkì wọn."

Malini kò dúró de akọ̀wé. Ó na ọwọ́, ó gba ìwé náà, ó gbé e sún mọ́ ojú. "Kamlai. Ọgọ́rin ó lé mẹ́fà. Ipò kejì nìyẹn, láti àárọ̀, kí a tó débi maikirosikóòpù rárá."

Kamlai tẹ́wọ́ gba ìwé máàkì náà lọ́wọ́ rẹ̀, bébà pẹlẹbẹ tí kò ní fàdákà lára. "Èyí ni mo wá gbà," ló sọ. Ó tẹríba, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Bunthan ti ń pariwo lẹ́yìn gbọ̀ngán pé máàkì méjì péré ni, pé ká ní wọ́n lo ìgbẹ́ òun púpọ̀ sí i ni, àbúrò òun ni ì bá ṣe ipò kìíní.

Lẹ́yìn oṣù méjì ni ìwé ẹgbẹ́ náà jáde, ojú ewé kẹsàn-án sì wà nínú rẹ̀ bó ṣe kọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni lẹ́tà Phaithun dé ilé ìwòsàn. Kò sí "ẹ má bínú" níbẹ̀. Ó ní òun á rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde òun mẹ́sẹ̀ẹ̀sán wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ fún oṣù kan, lẹ́yìn náà wọ́n á tún abúlé mọ́kànlá náà kà. Kamlai dá èsì padà lọ́jọ́ náà gan-an: òun gbà, bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá ti di òfin fún gíláàsì kọ̀ọ̀kan, bó bá sì jẹ́ pé òun ló máa yan abúlé tí wọ́n á kọ́kọ́ lọ. Phaithun kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo padà: "Bẹ́ẹ̀ ni."

Wọ́n dé ní ọjọ́ Ajé, mẹ́sàn-án nínú aṣọ funfun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, gbogbo wọn ló kàwé jáde. Ibi tí Kamlai yàn nínú mọ́kànlá náà ni abúlé ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí aràn pa, ìgbẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n sì fi ń kọ́ṣẹ́. Ní ọjọ́ kẹta, ọ̀dọ́mọbìnrin kan nínú wọn fi ẹ̀yìn ti àga, ó fọwọ́ nu ojú tó ti pọ́n.

"Màmá, mo ti wo eléyìí tán. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

"Ìṣẹ́jú mélòó?"

"Mẹ́fà."

"Tún un wò."

Ọmọ náà mí kanlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ padà sórí gíláàsì. Kò pẹ́, ọwọ́ rẹ̀ dúró lójú kan. Ó wò ó títí, ó sì pe Kamlai pé kó máa bọ̀. Kamlai kò dìde.

"Má pè mí," ló wí. "Sọ ohun tí o rí."